Àròyé Mọ́kànlélógójì

"Ìrẹsì yín jó láàárọ̀ yìí."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ nìyẹn. Kò tíì kí mi, kò tíì béèrè ohun tí mo fẹ́ mu. Ó kàn na imú sókè díẹ̀ lẹ́yìn káńtà, ó dijú, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. Èmi nìkan ni mo dúró síbẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀wù yín ni. Ìrẹsì jó, àlùbọ́sà pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, ẹ sì fi ọṣẹ wẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ sè é tán. Ṣùgbọ́n ibi ìdáná lẹ fi ẹ̀wù kọ́ sí. Ẹ má bínú o. Imú mi kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Kò sí èyí tó yẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Mo gba kọfí mi, mo yíjú láti jáde, mo ṣi ilẹ̀kùn gbà, àfi bí mo ṣe bá ara mi nínú yàrá tí wọ́n ń kó àpò kọfí sí. Ẹ̀rín rẹ̀ ló júwe ọ̀nà fún mi.

Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe, ìyẹn ni pé mò ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé. Ọ́fíìsì wa wà ní àjà kẹta. Ilé kọfí tí obìnrin yẹn ti ń ṣiṣẹ́ wà nísàlẹ̀ ilé kan náà. Òun ló ń yan kọfí níbẹ̀. Wọn a gbé hóró kọfí tútù dé nínú àpò, òun a dà á sínú ẹ̀rọ onírin ńlá kan tó ń yí lórí iná, a sì dúró tì í. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wo aago. Òun kì í wò ó. Imú ló fi ń ṣọ́ kọfí. Bí òórùn bá ti yí padà báyìí, a fa irin, hóró a tú jáde ṣàà, kò jó, kò sì tutù. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Onímú. Ó sọ èmi náà ní Oníkóòdù, bí a ṣe gbàgbé orúkọ tí àwọn òbí wa sọ wá nìyẹn.

Ife kọfí kan ni mò ń mu lóòjọ́ tẹ́lẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó di mẹ́rin. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣíwọ́, torí àfi tí mo bá sọ̀kalẹ̀ lọ ra kọfí ni mo tó lè rí i.

Mo fẹ́ràn ìdáná púpọ̀, mi ò kàn mọ̀ ọ́n ṣe ni. Bí mo ṣe ń kọ kóòdù ni mo ṣe ń sebẹ̀: mo ń wọn àlùbọ́sà lórí òṣùwọ̀n, mo ń fi aago sí ata, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tó wá sílé mi, ó ka ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"'Ro ọbẹ̀ ní ìgbà mẹ́rìnlá.' Oníkóòdù! Tí mo bá rò ó nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ńkọ́, ṣé ilé á wó?"

"Mẹ́rìnlá ló dára jù. Mo ti dán an wò."

"Wá síbí jàre. Sún mọ́ ìkòkò. Fa imú. Kí lo gbọ́?"

"Ata."

"Ata wo? Ata tí kò tíì jinná máa ń rùn bí ewé. Dúró dìgbà tí òórùn ewé yẹn bá kúrò. Tó bá ti kúrò, ó jinná nìyẹn. Kò sí aago tó mọ̀ ọ́n."

Mo tẹrí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lórí ìkòkò, ooru ń bù wá lójú. Mi ò gbọ́ òórùn ewé kankan. Òórùn irun rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Kí n má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mi ò ní lè fẹ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, màámi ti ń pè é ní ìyàwó mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn, ti ń pe èmi ní ọkọ wa. A dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Oṣù yẹn kan náà ni ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ ṣí ilé kọfí kejì. Obìnrin náà kì í rẹ́rìn-ín kó tó di ọ̀sán, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ létí gbogbo wọn pé bí iṣẹ́ bá ń lọ bó ṣe ń lọ, Onímú ni yóò jẹ́ olórí ibẹ̀.

Mo fẹ́ fi ẹ̀bùn bá a yọ̀. Mo ṣe ẹ̀rọ kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà wọn, tí oníbàárà lè kọ èrò rẹ̀ sí kó tó jáde. Ohun tí wọ́n bá kọ yóò dé orí fóònù Onímú àti ti ọ̀gá. Lóṣù àkọ́kọ́, ìyìn ló kún ibẹ̀. Ó máa ń kà á sí mi létí, inú rẹ̀ á máa dùn bíi ti ọmọdé.

Òjò wá pọ̀ lọ́dún náà, ọ̀fìnkìn sì mú un. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ọ̀fìnkìn fi lọ. Ohun tó bá a lọ kò padà.

Ó dúró nínú ilé ìdáná mi, ó ti imú bọ agolo kọfí, ó fà á, ó tún un fà.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Imú rẹ ṣì dí ni, ọ̀wọ́n mi."

"Kò dí. Mò ń mí geere. Ó dà bíi pé ẹnì kan wọ ilé, ó pa gbogbo iná." Ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. "Oníkóòdù, tí ọ̀gá bá mọ̀ ńkọ́?"

"Yóò padà. Fún un ní ọ̀sẹ̀ kan."

Ó padà síbi iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago bíi ti àwọn tó kù. Ó ní ó dá òun lójú pé ọwọ́ òun ti mọ iṣẹ́ náà, pé ẹni tí yóò kàn máa tọ́ kọfí wò ni òun nílò. Ó ní nǹkan kan kò dùn tàbí korò lẹ́nu òun mọ́, kí n wá jẹ́ ahọ́n òun: kí n máa mu kọfí tó bá yan láràárọ̀, kí n máa sọ bó ṣe rí. Ife àkọ́kọ́ tó gbé fún mi, èéfín ni mo gbé mì.

"Báwo ni?"

Ká ní ẹ rí ojú rẹ̀ ni. Ká ní ẹ rí bó ṣe di aṣọ ìnuwọ́ mú.

"Ó dùn."

"Bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Bíi ti tẹ́lẹ̀ gan-an."

Ó mí kanlẹ̀, ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́ níwájú àwọn oníbàárà. Ta ni yóò wá sọ òótọ́ lẹ́yìn ìyẹn?

Ọjọ́ kẹta ni àròyé àkọ́kọ́ dé. Mò ń tún ẹ̀rọ náà ṣe lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí náà èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, kò tíì dé orí fóònù ẹnikẹ́ni: "Kọfí yín ń rùn bí igi tó jó."

Nínú iṣẹ́ wa, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí à ń pè ní gbígbé àṣìṣe mì. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú kóòdù, ó yẹ kó pariwo kí ẹni tó ni ín lè gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ lè kọ ìlà méjì péré: bó bá fẹ́ pariwo, bò ó lẹ́nu, kó o máa bá iṣẹ́ lọ. Gbogbo nǹkan á máa dán lójú, á sì máa jẹrà nínú. Mo ti bá ènìyàn jà lórí rẹ̀ lọ́fíìsì. Mo ti pe ọkùnrin kan tó dàgbà jù mí lọ ní aláìnítìjú nítorí rẹ̀.

Mo jókòó, mo kọ ìlà méjì. Ọ̀rọ̀ yòówù tó bá ní "jó" tàbí "èéfín" tàbí "korò" nínú, kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ kan. Kọfí iwájú mi kò tíì tutù tí mo fi ṣe é tán. Mo ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni, màá pa á rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan di méje.

Màámi wá kí wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Onímú se ìrẹsì àti ọbẹ̀ adìyẹ. Ó ń fọ àwo, ó ń fi ọ̀rọ̀ màámi rẹ́rìn-ín, ọbẹ̀ sì ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Èéfín ti dé ojú fèrèsé. Mo dìde wẹ́rẹ́, mo pa iná, mo padà jókòó bí ẹni pé omi ni mo lọ bù. Màámi wò mí, wọ́n wo ìkòkò. Wọ́n jẹun tán láìṣẹ́kù, wọ́n dúpẹ́. Ìgbà tí Onímú sọ̀kalẹ̀ lọ ra omi ni wọ́n yíjú sí mi.

"Ìyàwó mi ò gbóòórùn mọ́."

"Ọ̀fìnkìn ni, Màámi. Yóò padà."

"Ṣé ó ti rí dókítà?"

"Ó ní kò tíì le tó bẹ́ẹ̀."

"Torí pé ò ń sọ fún un pé ohun tó ń sè dùn ni. Àbí mo purọ́?"

Mo wolẹ̀.

"Ọmọ mi, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn bàbá rẹ náà, mo sì sọ fún wọn nígbà tí ẹnu wọn ń rùn." Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ló ti máa gbọ́ ọ."

Mo ní mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lanu tí mo tún pa á dé. Ẹ̀rù ló bà mí. Lọ́jọ́ kìíní, irọ́ kékeré ni. Lọ́sẹ̀ keje, tí mo bá jẹ́wọ́ ẹyọ kan, gbogbo rẹ̀ ló máa tú. Mi ò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu ẹlòmíràn náà ló sì ti gbọ́ ọ. Bàbá kan wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń mu kọfí níbẹ̀ láràárọ̀. Lọ́jọ́ Tọ́sìdé kan, ó gbé ife rẹ̀ padà sórí káńtà níwájú Onímú àti gbogbo ènìyàn.

"Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ yín. Ẹ ò tilẹ̀ dá mi lóhùn. Kọfí yín ti di èédú. Ṣé àwa la ṣẹ̀ yín ni?"

"Bàbá, kò sí nǹkan kan tó dé ọ̀dọ̀ mi."

"Mo kọ ọ́. Tíṣà ni mí, mo mọ ohun tí mo kọ."

Mi ò sí níbẹ̀; lẹ́yìn náà ni mo gbọ́. Èyí tó ṣojú mi ni pé Onímú yọ sí wa lọ́fíìsì, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lára, ó gba àárín àwọn tábìlì kọjá, ó dúró tì mí. Kò gbóhùn sókè.

"Oníkóòdù, ṣí ẹ̀rọ yẹn fún mi."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ṣí i."

Mo ṣí i. Mo ní kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, ilẹ̀ kọ̀. Mo ṣí kọ̀rọ̀ náà fún un. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò fo ẹyọ kan. "Ó korò." "Èéfín nìkan ni." "Ó ti jó o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀." "Ó ń korò báyìí. Ṣé ẹni tó ń yan kọfí yín ti kúrò ni?" Ó pẹ́ lórí ìyẹn.

"Ìgbà wo ni àkọ́kọ́ dé?"

"Ọjọ́ kẹta."

"Gbogbo ife tí mo fún ọ látìgbà náà ńkọ́?"

"Wọ́n jó."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Mi ò fẹ́ kó o... Mo rò pé imú rẹ á ti padà kó tó di pé..."

"Ahọ́n rẹ ni mo fi ń ṣiṣẹ́," ó ní. "Mi ò ní òmíràn."

Ó dìde, ó ti àga padà sí àyè rẹ̀, ó ń lọ. Mo tẹ̀ lé e dé orí àtẹ̀gùn.

Dókítà tí a jọ lọ rí yẹ imú rẹ̀ wò, ó ya àwòrán orí rẹ̀, ó wá bọ́ awò ojú.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti tó oṣù méjì."

"Kí ló dá yín dúró? Ká ní ẹ wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni, oògùn kan wà tí à bá gbìyànjú. Ó lè ṣiṣẹ́, ó lè má ṣiṣẹ́. Ní báyìí, a ò lè ṣe ju ká máa retí lọ. Ó lè padà lóṣù mẹ́fà. Ó lè má padà."

Onímú kò wò mí. Mo fẹ́ kó gbá mi létí níbẹ̀. Kò ṣe é. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà.

Ọ̀gá rẹ̀ kò pariwo. Ó ní kó máa dúró sí káńtà títí ara rẹ̀ á fi yá, ó sì fi ẹlòmíràn ṣe olórí ilé kọfí kejì. A fagi lé ọjọ́ ìgbéyàwó, a ò dá òmíràn.

Dókítà ní kó máa fi nǹkan dán imú rẹ̀ wò láràárọ̀: èèpo ọsàn, kànáfùrù, kọfí. Ó gbà kí n máa wá bá a ṣe é. Kì í ṣe pé ó ti dárí jì mí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa di nǹkan náà mú kí òun lè dijú ni.

"Kí ni?"

"Kò sí."

"Èyí ńkọ́?"

"Kò sí."

"Èyí?"

"Ṣé o ti gbé nǹkan kan síbẹ̀?"

Kọfí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan ni mo gbé síbẹ̀. Èmi tí mo nà án jìnnà sí imú mi, òórùn rẹ̀ ti ń mú mi sín.

Mo kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi ìlà hàn bí imú náà ṣe ń padà. Fún ogójì ọjọ́, ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ní bóyá kóòdù mi ló ní àbùkù. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò ní àbùkù kankan. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí kóòdù mi máa pé tí màá jókòó sunkún.

"Pa á rẹ́," ó ní, nígbà tó rí i. "Ara mi ni. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá sí yàrá rẹ̀ láti mú un padà sílùú wọn. Obìnrin náà jókòó sórí àga Onímú, kò bọ́ bàtà, kò fọwọ́ kan omi tí mo gbé wá.

"Ọkọ wa, mi ò wá bá ọ jà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo gbà á tọ́. Tó bá ṣubú, mo máa ń sọ fún un pé ó ṣubú. Ìwọ, o rí i nílẹ̀, o ní ó ń fò."

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ọ̀tá ló ṣe é, à bá mọ ohun tá a máa fi í ṣe."

Mo wo Onímú pé kó gbè mí. Ó ń ká aṣọ. Màámi pè é lórí fóònù, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n sunkún. Ó dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ń ká aṣọ lọ.

"Mo kàn fẹ́ lọ sinmi," ó sọ fún mi. "Gbogbo ènìyàn níbí ló ń pè mí ní Onímú."

Mo gbé àpò rẹ̀ dé ibùdókọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọlé jókòó. Àwa méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, àwọn èrò ń fi ẹrù gbá wa lára.

"Oníkóòdù, ìbéèrè kan. Má tètè dáhùn."

"Béèrè."

"Tí mo bá ní mi ò lọ mọ́, tí mo bá ọ padà sílé báyìí, inú rẹ á dùn. Ṣé torí pé o fẹ́ràn mi ni, àbí torí pé ẹ̀bi á kúrò lọ́rùn rẹ?"

Ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi. Torí pé mo fẹ́ràn rẹ ni. Ká ní mo sọ ọ́, yóò bá mi padà. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì fẹ́ kí n sọ ọ́. Mo rí i lójú rẹ̀. Mo wo inú ara mi dáadáa. Ìfẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀bi wà níbẹ̀. Wọ́n ti lọ́ mọ́ra wọn débi pé mi ò lè fa ọ̀kan yọ.

"Mi ò mọ̀," ni mo sọ.

Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó wò mí pẹ́, kò wò mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wá sí ọ́fíìsì wa. Mo rò pé yóò dúró.

"O ṣé," ó ní. "Èyí ni mo lè gbà gbọ́."

Ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó wọkọ̀. Mo yí lọ sójú fèrèsé tó jókòó sí. Dẹ́rẹ́bà ti ṣíná ọkọ̀.

"Ṣé mo lè máa wá kí ọ?" Mo ń pariwo bí ẹni tó ń pe ènìyàn lódìkejì odò.

Ó fa fèrèsé wálẹ̀. "Lọ́jọ́ tó o bá mọ̀, wá sọ fún mi. Tó o bá sì wà bẹ́ẹ̀ tí o ò mọ̀, wá sọ ìyẹn náà."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ báyìí. Mi ò tíì mọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì sọ fún un. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí n wọlé jókòó.